Ẹbí tó fẹ́ dá dojo júdò sílẹ̀ fáwọn ọmọ ní Àjàṣẹ́: ìṣubú ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Júdò, ìjàkadì àwọn ará Japan tí wọ́n fi ń gbé ara ẹni ṣubú, ni mò ń sọ níbí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní kárátè tàbí aikido náà máa rí nǹkan mú níbẹ̀. Èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wa la jọ ń bójú tó dojo (ibi tí wọ́n ti ń kọ́ júdò) ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo nílẹ̀ Benin, mo wá ní kí n kọ bó ṣe ń lọ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ fún ẹbí tó bá fẹ́ dá tiẹ̀ sílẹ̀, ì báà jẹ́ Àjàṣẹ́ níbí, ì báà jẹ́ Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání bẹ́ ẹ ṣe ń kà á: ọmọ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e ṣubú. Ibi tẹ́ ẹ máa lò, iye ọmọ tẹ́ ẹ máa gbà, owó ẹ̀, ìgbànú (àmì ipele tí ọmọ dé) tẹ́ ẹ máa fún wọn, gbogbo ẹ̀ pátá, inú ọ̀rọ̀ ìṣubú yìí ló ti ń jáde.

Ẹ má rò pé mò ń dẹ́rù bà yín. Ilẹ̀ Japan fúnra ẹ̀, níbi tí Kanō Jigorō ti dá júdò sílẹ̀ lọ́dún 1882, ọmọ ilé ìwé tó lé ní 100 ló bá júdò lọ láàrin ọdún 1983 sí 2011, orí tó gbá ilẹ̀ ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Tatami gidi, ẹní nínípọn tí wọ́n ń ṣubú lé, ni wọ́n ń lò o, olùkọ́ ò sì wọ́n wọn. Torí náà kí àwa tí à ń bẹ̀rẹ̀ nínú àgbàlá ilé wa má ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yẹn ò kàn wá.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ pín iṣẹ́ nínú ilé

Ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ ní ìgbànú dúdú tí àjọ júdò orílẹ̀-èdè wa mọ̀ sí, kó sì ti dúró ti sensei (olùkọ́ júdò) míì láti kọ́ ọmọ kéékèèké rí, torí èèyàn lè mọ júdò jà gan-an kó má mọ ọmọ ọdún mẹ́fà kọ́ rárá. Bí kò bá sẹ́ni tó ní in nínú ẹbí yín, ẹ wá olùkọ́ kẹ́ ẹ tó wá ibi tẹ́ ẹ máa lò, ẹ máa sanwó fún un lóṣooṣù, kẹ́ ẹ̀yin bójú tó ìyókù. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹnì kejì ni ẹni tó mú ìwé orúkọ àti ìwé owó dání. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó mi ni, èmi náà ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó dojo láìjẹ́ pé ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí nǹkan kan máa tẹ ẹni yẹn lọ́wọ́ lóṣooṣù bó ti wù kó kéré tó, torí iṣẹ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ilé. Ẹnì kẹta máa dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tatami: òun ló ń wo ọmọ tó fẹ́ lọ tọ̀, tó ń bu omi fún wọn, tó ń fi aṣọ di imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó ń gbá ọmọ tó ń sunkún mọ́ra. Ọmọ wa obìnrin àgbà ló ń ṣe ìyẹn. Ẹ rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, Croix-Rouge (Red Cross) máa ń kọ́ni.

Ọmọ tẹ́ ẹ bí tó bá wà nínú kíláàsì, Sensei ló máa pè yín tó bá ti gun orí tatami, tó bá sọ̀ kalẹ̀ ẹ ti padà di Bàbá ẹ̀. Ẹ má máa fi òun nìkan ṣàpẹẹrẹ, kẹ́ ẹ máa gbé e ṣubú lójoojúmọ́ kí àwọn yòókù lè rí i, ẹ má sì le mọ́ ọn ju ọmọ ọlọ́mọ lọ nítorí kí wọ́n má bàa sọ pé ẹ ń ṣojúsàájú, méjèèjì ló ń mú kí ọmọ ẹni kórìíra ẹ̀. Tí àsìkò ìdánwò ìgbànú bá tó, ẹ bẹ sensei kan láti Kútọnu wá dán tiẹ̀ wò. Tó bá ní kò tíì yege, kò tíì yege nìyẹn, kí ìyá ẹ̀ má wá bẹ̀bẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ìwé

Èyí ò gùn. Ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀, ẹ lọ bèèrè ìwé tí wọ́n ń gbà ní préfecture (ọ́fíìsì ìjọba ẹkùn yín): ará Àjàṣẹ́, ìlú níbí náà ni, ará Kétu, Pọ́bẹ̀, ará Ṣábẹ̀ẹ́, Ìdáàṣà. Ẹ gba ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mairie (ọ́fíìsì ìjọba ìlú) kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ń kó ọmọ jọ, lẹ́yìn náà ẹ so mọ́ àjọ júdò orílẹ̀-èdè, torí ìgbànú tí àjọ ò mọ̀ sí, ọmọ ò lè gbé e lọ síbòmíì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ìwé ọdọọdún tí wọ́n ń fún ọmọ ní asiráǹsì nínú, kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń san àtohun tí kò san. Tí kò bá sí, ẹ lọ rà á níbòmíì kí ọmọ kankan tó gun tatami.

Ìgbésẹ̀ 3: Ibi tẹ́ ẹ máa lò àti ohun tí wọ́n máa ṣubú lé

Ibí ni owó ti ń jáde jù, ibí náà lẹ ò sì gbọdọ̀ ti ahun.

Yàrá tó tẹ́ tatami 12 péré ni Kanō fi bẹ̀rẹ̀, nínú tẹ́ńpìlì kan tó ń jẹ́ Eishō-ji ní Tokyo, torí náà kí ibi kékeré má tì yín lójú. Ohun tó yẹ kó tì yín lójú ni kẹ́ ẹ kó ọmọ 30 síbi kékeré. Ìṣirò tí mo ń lò rèé: ẹni méjì tó ń gbá ara wọn mú fẹ́ mítà 2 lóròó, mítà 2 níbùú, ìyẹn 4 níyewò. Tí ibi tẹ́ ẹ ní bá jẹ́ mítà 6 sí 6, 36 nìyẹn, ẹni 18 ló gbà tí wọ́n bá ń ṣeré orí ilẹ̀. Tó bá wá di gbígbé ara ẹni ṣubú, ẹni mẹ́jọ péré ni kó wà lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn yòókù jókòó létí ẹ̀ máa wò, wọ́n á sì rí nǹkan kọ́ níbi tí wọ́n jókòó sí. Òpó tó bá wà nítòsí, ẹ fi fóòmù wé e dé ibi tó ga ju orí ọmọ tó ga jù lọ. Ògiri, kó jìnnà sí ibi ìṣubú ní ó kéré tán mítà kan.

Òrùlé ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ tiwa nítorí òjò àti oòrùn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi páànù bo ibi tí atẹ́gùn ò ti wọlé, ọmọ á dákú sí yín lọ́wọ́ lóṣù kẹta ọdún. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ méjì ó kéré tán wà ní ṣíṣí. Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ti ti ilé ìwé dé tí wọ́n sì ti jẹ nǹkan díẹ̀ ló dáa jù, pẹ̀lú àárọ̀ Sátidé.

Tatami tí wọ́n ń tà fún júdò máa ń jẹ́ mítà kan sí méjì, sẹ̀ntímítà 4 ló sì nípọn. Mítà 6 sí 6 á gba 18 nínú ẹ̀. Èyí tó jẹ́ sẹ̀ntímítà 2 tó ń há sínú ara wọn, ti kárátè ni, ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é fún ẹ̀yìn ọmọ. Ẹni tó ń tà á á sọ fún yín pé ó tó. Kò tó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán tatami wò, kí àgbàlagbà kan kúnlẹ̀ gbì lé e lójijì: tí eékún ẹ̀ bá gbọ́ sìmẹ́ǹtì, ẹ gbé e padà.

Tí owó tatami ò bá tíì sí, ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ dojo ní Áfíríkà ti gbà bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìyẹ̀fun pákó àti báàṣì. Ẹ ṣa gbogbo òkúta àti gbòǹgbò kúrò nílẹ̀, ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn kí ọ̀rinrin má gòkè wá, ẹ to pákó yí ibẹ̀ ká bíi férémù, tó ga tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lóòró. Ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n ń kó dà nù níbi tí wọ́n ti ń la igi, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín. Ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ torí ìṣó máa ń wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá dà á sínú férémù títí tó fi ga ju pákó lọ díẹ̀. Àpò ìrẹsì tẹ́ ẹ rán pọ̀ ni kó kọ́kọ́ bò ó, lẹ́yìn náà báàṣì tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀, kẹ́ ẹ fà á le kẹ́ ẹ sì so ó mọ́ ìta férémù. Kò gbọdọ̀ ká kò, torí ibi tó bá ká ni ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń kọ́. Etí pákó, ẹ fi táyà àtijọ́ tẹ́ ẹ là tàbí fóòmù bò ó, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀dà fa ìlà mítà kan wọnú, kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹnikẹ́ni ṣubú kọjá ìlà yẹn.

Iṣẹ́ ẹ̀ wà o. Ìyẹ̀fun yẹn máa ń dì níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ jù, ẹ gbọ́dọ̀ ṣí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kẹ́ ẹ fi ṣọ́bìrì yí i. Lásìkò òjò, tó bá ti ń rùn, ẹ dà á nù, ẹ wá òmíràn, àwọn ọmọ tó ní ikọ́ fée ò lè fara dà á. Ẹ wo pákó náà, ikán Àjàṣẹ́ kì í sùn. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi omi díẹ̀ àti aṣọ nu eruku orí báàṣì kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Irú ilẹ̀ yìí dáa fún ìṣubú àti eré orí ilẹ̀, ó sì gba ọmọ kékeré, àmọ́ kò gba ọmọ ọdún 16 tó wúwo tí wọ́n gbé láti èjìká. Ẹ máa fi owó tó ń wọlé ra tatami díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn ńlá dúró.

Ìgbésẹ̀ 4: Owó àti kimono

Ẹ fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀, ẹ má wo iye tí ará ibì kan ń gbà. Ká ní ọmọ 20 lẹ ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń san 3.000 fráǹkì lóṣù, 60.000 nìyẹn. Ẹ yọ owó olùkọ́, iná SBEE, omi, ọṣẹ, bándéèjì, ohun tẹ́ ẹ ń fún ẹni tó mú ìwé dání, kẹ́ ẹ sì ya ìdá kan nínú mẹ́rin sọ́tọ̀ fún tatami, ìyẹn 15.000, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án kódà tí ayẹyẹ bá wọlé. Tí ìyókù ò bá tó, ẹ fi kún owó oṣù tàbí kẹ́ ẹ dín ọjọ́ kù, ẹ má fi ọmọ kún un. Àìfi ọmọ kún un yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò lè ṣe.

Ilé kan tó mú ọmọ méjì tàbí mẹ́ta wá, ẹ dín in fún wọn. Owó oṣù, ẹ ní kí wọ́n fi MoMo ránṣẹ́, kí ìwé wà fún un, torí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ìyàwó ló máa kọ́kọ́ sọ pé àwọn ti san án fún yín lọ́wọ́ ní òde ìnáwó.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ra kimono (aṣọ júdò). Ṣòkòtò gígùn tí kò ní zip, tí kò ní bọ́tìnnì, àti aṣọ olọ́wọ́ gígùn tó nípọn ti tó. Ọmọ tó bá fẹ́ fi í sílẹ̀ á ti fi í sílẹ̀ kó tó di pé ìyá ẹ̀ náwó. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn òbí dá àjọ, kí wọ́n máa ra kimono fún ọmọ méjì méjì lóṣù, tàbí kẹ́ ẹ lọ bá aránṣọ tó mọṣẹ́: òwú funfun tó nípọn, tó jẹ́ ìpele méjì láti èjìká dé ìdí, kí ọrùn ẹ̀ jẹ́ ìpele mẹ́rin tí wọ́n rán ní ìlà ìlà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń dì mú. Ẹ ní kó fi aṣọ náà sínú omi kó sá a gbẹ kó tó gé e, kó má bàa sún lẹ́yìn tó bá rán an tán.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ pe àwọn òbí jọ kẹ́ ẹ tó pe àwọn ọmọ

Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni pé ṣé ọmọ àwọn ò ní di jàgídíjàgan. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ tó bá fi júdò lu ẹlòmíì nílé ìwé á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tatami fún oṣù kan, á máa wò. Ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì ṣe é.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ó sì tọ́ kí wọ́n bi yín. Mùsùlùmí pọ̀ ní Àjàṣẹ́, Kristẹni náà pọ̀, bí wọ́n bá wá rí ọmọ wọn tó ń tẹrí ba níwájú fọ́tò bàbá àgbàlagbà ará Japan kan lára ògiri, ọkàn wọn ò ní balẹ̀. Àwa ò gbé fọ́tò kankan kọ́. Àwọn ọmọ máa ń tẹrí ba fún ara wọn àti fún olùkọ́, ìkíni ni, bí a ṣe ń kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, tí ẹnikẹ́ni ò pe ìyẹn ní ìsìn. Ẹ ṣe é níwájú àwọn òbí kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Ọmọbìnrin tó ń bo orí, kó wé aṣọ eré ìdárayá tó lẹ̀ mọ́ orí, kò gbọdọ̀ sí píìnì kankan níbẹ̀.

Ìkẹta, ohun tó wà lára ọmọ. Yẹtí, òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́, ìlẹ̀kẹ̀ orí irun, gbogbo ẹ̀ kúrò. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọbìnrin àti ońdè tí wọ́n so mọ́ ọmọ míì nídìí, ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì bú u. Obìnrin inú ẹbí yín ni kó bá ìyá ọmọ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀: tí ìlẹ̀kẹ̀ bá já, á fọ́n sórí tatami, ẹni tó bá ṣubú lé e á farapa, ońdè tó le sì máa gún ọmọ fúnra ẹ̀ nídìí. Ìyá á bọ́ ọ sílé tàbí kó wá nǹkan rírọ̀ fi bò ó. Mi ò tíì rí ìyá tó kọ̀ tí wọ́n bá bá a sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Èékánná gígé, ẹsẹ̀ fífọ̀, sálúbàtà láti ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ dé etí tatami. Ọmọ tó ní làpálàpá, kó lọ tọ́jú ẹ̀ kó tó padà wá, ẹ má pariwo ẹ̀ létí àwọn yòókù.

Ìgbésẹ̀ 6: Oṣù mẹ́ta ìṣubú

Àwọn òbí míì á máa wò yín pé ṣé èyí náà ni wọ́n ń sanwó fún, ọmọ àwọn ò tíì gbé ẹnikẹ́ni ṣubú. Ẹ fara dà á.

Ìdùbúlẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á fi ẹ̀yìn lélẹ̀, á gbé orí sókè, á máa wo kókó ìgbànú ara ẹ̀. Tójú ẹ̀ bá wà lára kókó yẹn, àgbọ̀n ti sún mọ́ àyà nìyẹn, ìpàkọ́ ò lè kan ilẹ̀. Á wá fi apá méjèèjì na ilẹ̀ pàá, àtẹ́lẹwọ́ sísàlẹ̀, gbogbo apá lẹ́ẹ̀kan náà, kó ya apá kúrò lára díẹ̀: tó bá gbé e dé ọgbọọgba èjìká, èjìká ló máa jìyà ẹ̀. Ẹ ní kó pariwo bó ṣe ń na ilẹ̀. Kì í ṣe fún ariwo, ọmọ tó bá ń pariwo ò lè sé èémí mọ́nú, èémí tí wọ́n sé mọ́nú ló sì ń jẹ́ kí ìṣubú dunni láyà.

Tí wọ́n bá ti mọ ìyẹn, wọ́n á ṣe é láti ìjókòó. Lẹ́yìn náà láti ìlóṣòó. Lẹ́yìn náà láti ìdúró, èyí tí àwọn ará Japan ń pè ní ushiro ukemi. Níbi ìlóṣòó ni kẹ́ ẹ ti la ojú yín dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọmọ ti máa ń na ọwọ́ sẹ́yìn láti gba ara ẹ̀ dúró, bí ẹ̀dá ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ọrùn ọwọ́ àti ìgúnpá ló sì máa ń dá. Ẹ ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan, kó má tú u sílẹ̀ títí ìdí ẹ̀ á fi kan ilẹ̀. Ọmọ tó bá ṣì ń na ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ dá a padà sí ìjókòó. Ẹ má bínú sí i.

Ti ẹ̀gbẹ́, yoko ukemi, ló tẹ̀ lé e: ọwọ́ kan ló ń na ilẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì ò gbọdọ̀ kọ́ ara wọn, kí eékún má bàa gbá eékún. Ti yíyí síwájú ló gbẹ̀yìn, zenpō kaiten, ara á gba èjìká kan yí lọ sí ìbàdí kejì, kò gbọdọ̀ gba àárín orí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti ìkúnlẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń fẹ́ràn èyí jù, wọ́n á fẹ́ máa fò sókè kí wọ́n tó yí, ẹ má gbà fún wọn nínú oṣù mẹ́ta yìí.

Kíláàsì ọmọ ọdún 6 sí 9, wákàtí kan ti tó: ìkíni, ìgbóná ara bíi ìṣẹ́jú 10, ìṣubú 15, eré orí ilẹ̀ àti ohun tuntun kan, ìsinmi, omi, ìkíni. Àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ lè lo wákàtí kan ààbọ̀. Kódà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kódà lẹ́yìn ìgbànú bulu, kò sí kíláàsì tí kò ní fi ìṣubú bẹ̀rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti mọ̀ ọ́n? Ẹ pè é lójijì. Níbi tí wọ́n ti ń sáré kiri lórí tatami, ẹ pariwo «ushiro!» kí gbogbo wọn ṣubú sẹ́yìn níbi tí wọ́n bá wà. Tí orí ọmọ ò bá kan ilẹ̀ nínú kíláàsì mẹ́ta tó tẹ̀ léra, tí ọwọ́ ẹ̀ ò sì lọ sẹ́yìn, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ àti déètì sínú ìwé. Orúkọ tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, wọn ò gbọdọ̀ gbé e. Ọmọ kan á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òmíràn á lo oṣù márùn-ún.

Bí orí bá wá gbá ilẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, eré ti parí fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà, kódà tó bá ń rẹ́rìn-ín tó ní òun ò ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà kan jókòó tì í. Tó bá ń bì, tí orí fífọ́ ń le sí i, tó ń sùn lọ, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń dàrú, tí ojú ẹ̀ ń ṣú, tàbí tí gìrì bá mú un, ilé ìwòsàn ni kíákíá. Ní Àjàṣẹ́, CHUD Ouémé-Plateau ni, ibòmíì ẹ ti mọ tiyín sílẹ̀. Ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé o, kì í ṣe zémìjàn, torí ọmọ tó ń sùn lọ lè já bọ́ lẹ́yìn ọ̀kadà. Tó bá ní ọrùn ń dun òun tàbí ọwọ́ òun ń kú tipiri, ẹ má gbé e rárá, ẹ di orí ẹ̀ mú bó ṣe wà títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Ẹ sọ fún àwọn òbí lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi pamọ́ nítorí kí wọ́n má bàa mú ọmọ wọn lọ. Kò sì gbọdọ̀ padà sórí tatami títí dókítà á fi ní ó ti yá.

Ìgbésẹ̀ 7: Gbígbé ara ẹni ṣubú

Orí ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ gbá ara ẹnì kejì lẹ́ẹ̀mejì pé «ó tó», kẹ́ ẹ tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń di ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbá tí kò tú ọwọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó jókòó. Lẹ́yìn náà kesa gatame, ìdimọ́lẹ̀ tó rọrùn jù. Nínú ìdíje, ìṣẹ́jú àáyá 20 tí wọ́n bá fi di èèyàn mọ́lẹ̀ ti tó láti borí, àwọn ọmọ máa ń gbádùn kí wọ́n máa kà á pọ̀. Ìfúnlọ́rùn àti ọwọ́ yíyí, àwa ò kọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13.

Èyí tá a fi ń bẹ̀rẹ̀ gbígbé ni o-goshi, ti ìbàdí, kí ẹni tí wọ́n ń gbé kọ́kọ́ wà lórí eékún kó má ga jù. O-soto-gari ló rọrùn lójú, ẹsẹ̀ kan lásán lẹ máa fi gbá ẹsẹ̀ ẹ̀ láti ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí gbogbo olùkọ́ fi máa ń sáré kọ́ ọ, àmọ́ òun ló ń gbé èèyàn lọ sẹ́yìn tààrà, òun ló sì wà nídìí púpọ̀ nínú orí tó fọ́ ní Japan. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọdún kejì. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá kọ́ wọn, ẹni tó gbé ẹnì kejì ò gbọdọ̀ tú apá aṣọ tó dì mú sílẹ̀, á máa fà á sókè títí tẹni yẹn á fi dúbúlẹ̀ tán, torí fífà yẹn ló ń gba orí là.

Ẹ wọ̀n wọ́n lórí ìwọ̀n lóṣooṣù, kí ẹni méjì tó ń bá ara wọn ṣe randori (ìjàkadì ìdánrawò) má fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ.

Wàhálà kan wà tí ẹ ò ní rí nínú ìwé tó ti òkè òkun wá. Àbúrò á gbé ẹ̀gbọ́n ṣubú, ojú á ti ẹ̀gbọ́n, àbúrò náà á bẹ̀rù pé ní ojú ọ̀nà ilé òun máa gba ìgbátí. Nígbà tó bá yá, àbúrò á mọ̀ọ́mọ̀ máa ṣubú. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n máa dúró fún àbúrò bí olùkọ́, kó máa gba ìṣubú pẹ̀lú ọgbọ́n, kẹ́ ẹ sì yìn ín lójú gbogbo ọmọ pé òun ló mọ ìṣubú jù. Lórí tatami, «ẹ̀gbọ́n» ṣì ni ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀gbọ́n náà gbọ́dọ̀ tẹrí ba fún àbúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Àwọn ọ̀dọ́, ìgbànú, ìdíje

Ọmọ ọdún 14 lọ sókè máa ń fi dojo sílẹ̀ nítorí ìdánwò BEPC àti BAC nílé ìwé. Ẹ má bá ìdánwò jà. Ẹ fún wọn láàyè kí wọ́n máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí owó wọn dín kù, kí wọ́n sì máa ran àwọn kékeré lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ wọn á padà. Fún àwọn ọmọbìnrin, kí obìnrin àgbà kan máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo kíláàsì. Àgbàlagbà kan àti ọmọ kan ò gbọdọ̀ dá wà níbì kan tí ilẹ̀kùn ẹ̀ tì, ì báà jẹ́ èmi, ì báà jẹ́ àbúrò mi. Kò sí olùkọ́ tó ń kọ̀wé sí ọmọ ní kọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, inú gúrúpù àwọn òbí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ sọ òfin yìí síta lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ń dáàbò bo ọmọ, ó sì ń dáàbò bo orúkọ ẹbí yín.

Ìgbànú aláwọ̀ púpọ̀ tá a jogún lọ́dọ̀ Faransé, Kawaishi Mikinosuke tó lọ kọ́ni ní Paris lọ́dún 1935 ni wọ́n máa ń kà á sí lọ́rùn: funfun, yẹ́lò, ọsàn, àwọ̀ ewé, bulu, búráùn, dúdú, pẹ̀lú àwọn tó jẹ́ àwọ̀ méjì láàrin wọn fún àwọn ọmọ. Ẹ má ta á. Owó ìdánwò kò gbọdọ̀ ju owó ìgbànú fúnra ẹ̀ àti owó ọkọ̀ sensei tó wá dán wọn wò.

Ìdíje, ẹ má sáré. Ní 2022, àjọ júdò Japan fúnra wọn fagi lé ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè fáwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, torí àwọn òbí àti olùkọ́ ti ń pariwo lé ọmọ àti adájọ́ lórí, tí wọ́n ń fi ebi pa ọmọ kó lè bọ́ sí ìwọ̀n tó kéré. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10, ẹ pe dojo míì wá ṣeré ọ̀rẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wọn á jẹun, wọ́n á lọ. Ẹ má sọ fún ọmọ kankan pé kó dín oúnjẹ kù. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ìdíje gidi, ẹ fi Valentin Houinato hàn wọ́n, tó gbé orúkọ Benin lọ sí júdò ní Paris 2024, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé Dakar ni wọ́n gbé Òlíńpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ti 2026 fún, ìgbà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà, júdò sì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ tí sensei ò bá sí nílé

Ìsìnkú á wà, àìsàn á wà, ìrìn àjò á wà. Ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀: tí ẹni tó ní ìgbànú dúdú ò bá sí, ẹni tó kù nílẹ̀ lè ṣe ìgbóná ara, ìṣubú àti eré orí ilẹ̀, kò gbọdọ̀ sí gbígbé rárá, kódà kí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀bẹ̀. Àgbàlagbà méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tí kò bá sí ẹnì kejì, ẹ kọ sínú gúrúpù kó tó di ọ̀sán pé kò sí kíláàsì. Nọ́ńbà àwọn òbí, ti ilé ìwòsàn àti ti onímọ́tò kan tó ń gbé nítòsí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí bándéèjì, kí kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń di ìwé mú.